Ọmọ ilé jẹ gbèsè tẹ́tẹ́, ẹbí fẹ́ san án: kí ló yẹ kó ṣáájú?

Alábòójútó

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sí wa ṣáá, ìdí nìyẹn tí mo fi ṣí ojú ewé yìí kí gbogbo ìdáhùn lè wà lójú kan. Bó ṣe sábà máa ń rí rèé: ọkùnrin kan (ó lè jẹ́ obìnrin náà o) ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù, ó ti yáwó lórí áàpù mẹ́ta mẹ́rin, ó ti fọwọ́ kan owó ilé ìwé ọmọ, ìyàwó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni. Ẹbí pé jọ, wọ́n ní àwọn máa dá owó san gbèsè náà. Ṣé kí wọ́n san án? Bí wọ́n bá máa san án, báwo? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ìtàn ara yín, ẹ má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ àti ohun tí kì í ṣiṣẹ́ la fẹ́.

Ìyálọ́jà_Mọ́kọ́lá

Ṣé ìyẹn tún ń fẹ́ ìbéèrè ni? Ẹ san án. Bí áàpù owó yíyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àna àti pásítọ̀, ìtìjú yẹn ju owó lọ. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.

Akọ̀wé_Alájẹṣẹ́kù

Ìyá wa, mo gbọ́ yín, àmọ́ owó tó bá gba ọwọ́ onítẹ́tẹ́ kọjá, ọ̀dọ̀ tẹ́tẹ́ ló ń lọ. Kì í ṣe pé irọ́ ló ń pa nígbà tó ní òun máa fi san gbèsè. Ohun tó ń rò ni pé gbèsè jẹ́ 600,000, ẹbí kó 400,000 lé òun lọ́wọ́, bí òun bá fi 50,000 níbẹ̀ ta eré kan tó dájú, gbogbo ẹ̀ á pé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, 400,000 ti wọmi, gbèsè ṣì dúró digbí.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo gbèsè kọ́kọ́ jáde síta. Kì í ṣe èyí tó bá fẹnu sọ o. Kó gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì oṣù mẹ́fà jáde láti gbogbo báńkì àti gbogbo áàpù owó tó ń lò, kí èèyàn méjì jókòó tì í kà á. Ẹ máa wo owó kéékèèké tó ń jáde léraléra láàárín aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago mẹ́ta òru. Ẹ wo owó ńlá tó wọlé tó sì tán láàárín wákàtí kan, owó tó yá nìyẹn sábà máa ń jẹ́. Ẹ wo owó tó ń lọ sí àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ òun fúnra ẹ̀ níbòmíì, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ àkáǹtì tí kò dárúkọ. Ẹ wá kọ gbèsè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ta ló ni ín, èló ni ojú owó, èló ni èlé, ọjọ́ wo ló pé, ta ló ṣe onídùúró. Iye tó bá kọ́kọ́ sọ kì í pé. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́ ẹ tún béèrè láìpariwo mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tò wọ́n. Owó ọ́fíìsì, owó àjọ tàbí owó ìjọ tó wà níkàáwọ́ ẹ̀ ló ṣáájú, torí ìyẹn lè di ẹjọ́ ọ̀daràn. Owó ilé ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni áàpù tí èlé ẹ̀ ń gorí ara lójoojúmọ́. Ọ̀rẹ́ àti ẹbí ló kẹ́yìn, wọ́n lè máa gbà á díẹ̀díẹ̀. Kí ẹni tó dáwó san án tààrà sí àkáǹtì olówó, kó gba ẹ̀rí. Kò gbọdọ̀ gba orí fóònù onígbèsè kọjá rárá.

Ẹ má sì san gbogbo ẹ̀ tán fún un. Ká ní 150,000 ló ń gbà lóṣù, kó máa san 30,000 fúnra ẹ̀, kí ẹbí gba èyí tó ń jóni lára. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá san owó áàpù tán, áàpù náà á tún fi kún iye tó lè yá a, torí ó ti di oníbàárà tó ń sanwó. Ọjọ́ tí gbèsè ibẹ̀ bá tán ni kó pa àkáǹtì ẹ̀ níbẹ̀ rẹ́, kì í ṣe pé kó kàn yọ áàpù kúrò lórí fóònù.

Oníṣirò

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un, torí ọ̀pọ̀ ẹbí rò pé orí ọmọ àwọn ni ò pé. Orí ẹ̀ pé. Ìṣirò ni kò bá a dọ́gba.

Ẹ mú eré tí wọ́n kọ ọ́ọ̀dì 1.90 sí (bó bá wọlé, náírà kan á di 1.90) pé góòlù á ju méjì lọ, tí wọ́n tún kọ 1.90 sí pé kò ní jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi 1,000 sí apá kan, tó tún fi 1,000 sí apá kejì, 2,000 ló fi sílẹ̀, 1,900 ló máa gbà, bó ti wù kí eré náà parí. Kọ́bọ̀ márùn-ún nínú náírà kọ̀ọ̀kan ti wọ àpò ilé tẹ́tẹ́ kí rẹfirí tó fọn fèrè. Eré kan ṣoṣo nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ta eré kan? Tíkẹ́ẹ̀tì eré mẹ́wàá ló gbòde, tí gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kéèyàn tó gbowó. Ká ní 1.20 ni ọ́ọ̀dì ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní "èyí ti wọlé tán". Ẹ fi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá di ìlọ́po ara wọn, ó di 6.19, ìyẹn ni pé 1,000 á di 6,190. Bí ilé tẹ́tẹ́ bá ti yọ kọ́bọ̀ márùn-ún ẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, eré kan á wọlé nígbà bíi 79 nínú 100. Kí mẹ́wàá wọlé pa pọ̀, kò tó ìgbà 10 nínú 100. Ẹni tó bá ta 100 irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, 100,000 ló fi sílẹ̀, nǹkan bíi 60,000 ló ń retí padà.

Ibi tó ti ń gbéni lọ́kàn nìyí. Nínú 100 yẹn, bíi 25 ni ẹyọ eré kan ṣoṣo máa gé, ìyẹn ni pé mẹ́sàn-án wọlé, ọ̀kan ò wọlé. Bó bá wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó ti "kù díẹ̀" ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹni tí eré kan gé tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó tún gé e lọ́sẹ̀ yìí, á gbà pé ọwọ́ òun ti fẹ́ tó o. Kò sún mọ́ nǹkan kan. Bí tíkẹ́ẹ̀tì eré mẹ́wàá ṣe ń rí nìyẹn, ì báà jẹ́ ọ̀mọ̀ràn ló yàn án, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ̀ ń ta lọ́tọ̀ Bàbá Ìjẹ̀bú, ẹ má rẹ́rìn-ín. Nọ́ńbà márùn-ún ni wọ́n ń fà nínú 90. Kí méjì tẹ́ ẹ mú bọ́ sínú márùn-ún náà, ẹ̀ẹ̀kan nínú bíi 400 ni, 240 sì ni wọ́n ń san lórí náírà kan. Kí mẹ́ta bọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀kan nínú 11,748, wọ́n ń san 2,100. Ìwé àlá àti nọ́ńbà tí wọ́n fi gègé yí po nínú bébà kò yí ìyẹn padà.

Àwọn tó ń sọ owó di ìlọ́po méjì títí á fi wọlé ńkọ́? Ó bẹ̀rẹ̀ ní 500, ó di 1,000, ó di 2,000. Bó bá já a kulẹ̀ léraléra nígbà mẹ́jọ, 127,500 ti lọ. Èrè tó ń wá nígbà tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 500.

Ọmọ_Ṣáṣá

Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò, mi ò ní ẹ̀ ń purọ́, àmọ́ àwọn kan wà lórí Telegram tí kóòdù wọn (nọ́ńbà eré tí wọ́n ti yàn sílẹ̀ fúnni) ń wọlé lójoojúmọ́. Ẹ̀rí wà, wọ́n ń fi àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì hàn.

Oníṣirò

Àbúrò, gba bébà. Mo ní èèyàn 800 tí mo ń fi eré ránṣẹ́ sí. Mo sọ fún 400 pé ẹgbẹ́ tó gbàlejò ló máa jẹ, mo sọ fún 400 pé kò ní jẹ. Lọ́jọ́ kejì, mo gbàgbé àwọn tí mo ṣì ṣe fún, mo pín 400 tó kù sí méjì. 200. Lẹ́yìn náà 100. Lọ́jọ́ kẹrin, èèyàn 50 ló kù tí gbogbo eré tí mo fún wọn wọlé pátápátá. Àwọn 50 yẹn á san 20,000, 20,000 fún "fíìsì" ọjọ́ karùn-ún, ìyẹn eré tí mo ní mo ti mọ bó ṣe máa parí. Ó di mílíọ̀nù kan, mi ò sì ta eré kankan.

Ti àwòrán, inú ẹ̀rọ aṣàwákiri ni wọ́n ti ń yí nọ́ńbà padà kí wọ́n tó yà á. Kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀pọ̀ wọn sì ń fi líǹkì tiwọn forúkọ èèyàn sílẹ̀, ilé tẹ́tẹ́ ń fún wọn nínú ohun tí ẹni tí wọ́n mú wá bá pàdánù. Wàá rí i pé bó o bá jẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe wọ́n láǹfààní.

Ọmọ_Ṣáṣá

Ha.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Mo bá ẹ̀yin méjèèjì dúró lórí ti owó, àmọ́ ẹ má gbàgbé pé àìsàn ni. Ó wà nínú ìwé àìsàn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2022, nọ́ńbà ẹ̀ níbẹ̀ ni 6C50. Láti 2013 làwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ti kó o sábẹ́ ibi tí ọtí àti oògùn olóró wà. Àmì mẹ́sàn-án ni wọ́n ń wò, bí mẹ́rin bá ti wà láàárín oṣù 12, ó tó gbé dé ilé ìwòsàn. Kó máa rò ó ṣáá. Kí iye tó ń fi síbẹ̀ máa ga kó tó dùn mọ́ ọn. Kó ti gbìyànjú láti fi í sílẹ̀ tí kò ṣeé ṣe. Kára ẹ̀ máa gbóná bí ò bá rí i ta. Kó máa sá lọ síbẹ̀ nígbà tí inú ẹ̀ ò dùn. Kó máa lé owó tó ti lọ. Irọ́. Kí iṣẹ́ tàbí ìgbéyàwó máa bà jẹ́ lórí ẹ̀. Kó máa sá tọ ẹlòmíì pé kí wọ́n yọ òun nínú gbèsè. Ẹ wo ti ìkẹyìn yẹn dáadáa, ìpàdé ẹbí tẹ́ ẹ̀ ń sọ gan-an ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin àkọ́kọ́ tó bá fi í sílẹ̀, oorun á dá lójú ẹ̀, á máa kanra mọ́ ìyàwó àti ọmọ, kò ní lè jókòó sójú kan. Ìyàwó á rò pé ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àkókò tó léwu ni ọjọ́ owó oṣù, àgàgà bó bá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀ tí eré pọ̀ lọ́jọ́ kejì, àti alẹ́ tóun nìkan bá wà jí pẹ̀lú fóònù.

Ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ jù ni ti ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀. Wọ́n á ní kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkigbà tó bá wù ú ta: aago wo ni, ibo ló wà, èló ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohun tó sábà máa ń fà á á máa hàn nínú ìwé yẹn. Wọ́n á kọ́ ọ láti sún un síwájú fún ìṣẹ́jú 20, kó dìde níbi tó wà, kó pe ẹnì kan. Ìfẹ́ láti ta yẹn máa ń rọlẹ̀ fúnra ẹ̀ bí kò bá rí owó fi ta á. Ẹ lè lọ sí ilé ìwòsàn Àrò l'Abẹ́òkúta, ti Yábàá l'Ékòó, tàbí ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ní UCH n'Íbàdàn. Ẹ má ní "wèrè kọ́ ló ń ṣe é". Ẹgbẹ́ Gamblers Anonymous náà wà, láti 1957 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní Los Angeles, wọ́n ń ṣèpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni.

Èyí tí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fojú fò: ọ̀sẹ̀ tí àṣírí tú ló léwu jù fún ẹ̀mí ẹ̀. Bó bá ń sọ pé ẹ ẹ́ sàn ju báyìí lọ bóun ò bá sí, tàbí ó ń pín ohun ìní ẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara ẹ̀. Bíbéèrè kì í fi í sí i lọ́kàn.

Lọ́yà_Ìta_Ẹkọ

Mo dúpẹ́, Nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ n yára sọ ti òfin.

Ìyàwó kì í jogún gbèsè ọkọ nígbà tí ọkọ wà láàyè, àyàfi bó bá fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Nítorí náà, ẹ má fọwọ́ sí bébà kankan lọ́sẹ̀ tí ojú yín ń ta. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn lórí gbèsè lásán. Àmọ́ owó ọ́fíìsì, owó àjọ tó jẹ, tàbí ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí, ìyẹn yàtọ̀. Akọ̀wé ti sọ ọ́.

Owó tó yá ní báńkì ńkọ́? Láti oṣù kẹjọ 2020, Báńkì Àpapọ̀ ti jẹ́ kí báńkì tó yáni lówó lè yọ ọ́ nínú àkáǹtì onígbèsè ní báńkì míì, BVN ni wọ́n fi ń mú un. Bẹ́ ẹ bá fi owó ilé ìwé ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹ̀, ẹ lè má bá a níbẹ̀.

Áàpù tó bá ń pe gbogbo èèyàn inú fóònù ẹ̀, tó ń kọ "olè" sórí àwòrán ẹ̀, ẹ ya gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà, ẹ fi ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, àwọn ló ń fọwọ́ sí áàpù owó yíyá láti 2022. Google ti ní kí áàpù owó yíyá má fọwọ́ kan orúkọ inú fóònù mọ́ láti 2023. Èyí tó bá ní kẹ́ ẹ gba òun sórí fóònù láti ibòmíì yàtọ̀ sí ilé ìtajà áàpù Google, ẹ sá fún un.

Ìyálọ́jà_Mọ́kọ́lá

Mo ti ń kà á látàárọ̀. Ó dáa, ká má kó owó fún un. Ìyàwó tó ń tajà wá ńkọ́? Owó ọjà wà nínú fóònù. Ká ní ìyàwó ló gba káàdì, ló ń ṣọ́ gbogbo owó, ṣé kò tán?

Akọ̀wé_Alájẹṣẹ́kù

Ó yẹ bẹ́ẹ̀, Ìyá wa. Kí ọkọ kó káàdì ATM àti owó oṣù fún ìyàwó, kó máa gba owó ọkọ̀ lójoojúmọ́.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Akọ̀wé, mi ò gbà. Bí ìyàwó bá di ọlọ́pàá owó, ọkọ á máa dọ́gbọ́n sí i, ìyàwó á máa yẹ àpò ẹ̀ wò lóru, láàárín oṣù mẹ́ta kò sí ìfẹ́ mọ́, ẹjọ́ ló kù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ tàbí ọ̀rẹ́ àgbà tí kò ní fún un lówó ni kó bá a di owó mú. Kí tọkọtaya ní ìgbà kan lọ́sẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí wọ́n á jọ wo àkọsílẹ̀ àkáǹtì. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ má wọ yàrá. Owó lè padà ní ọdún méjì, àmọ́ irọ́ tó pa nípa owó ilé ìwé yẹn ló máa pẹ́ jù. Kó má sọ pé "gbà mí gbọ́". Kó máa fi àkọsílẹ̀ hàn kí wọ́n tó béèrè.

Akọ̀wé_Alájẹṣẹ́kù

Mo gbọ́. Ẹni tó bá rí ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀, kó lò ó. Nínú ẹbí míì, ẹ̀gbọ́n gan-an ló ń yá a lówó.

Ti owó ọjà, Ìyá wa, ẹ fi PIN sí síìmù fúnra ẹ̀, kì í ṣe fóònù nìkan, torí wọ́n lè yọ síìmù sínú fóònù míì kí wọ́n fi USSD kó owó. Ẹ ní kí báńkì dín iye tí USSD lè gbé lójúmọ́ kù sí 10,000, tàbí kí wọ́n ti í pa. Ẹ má sọ BVN yín fún un, ẹ má jẹ́ kó fi ojú yín ya àwòrán sórí áàpù kankan. Owó tẹ́ ẹ máa fi kó ọjà lóṣù tó ń bọ̀, ẹ tì í pa sórí áàpù ìfowópamọ́ tí kò ní ṣí kí ọjọ́ tó pé. Ilé ìwé ni kẹ́ ẹ san owó ilé ìwé fún, lọ́jọ́ tí owó bá dé. Bó bá jẹ́ pé òun ni àjọ kàn, kí alájọ mọ ibi tí owó ń lọ. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pẹ̀lú, ẹ ní kí wọ́n kọ ṣẹ́ẹ̀kì ẹ̀yáwó sí orúkọ ẹni tó ń ta ohun tó ní òun fẹ́ rà. Kí ìwé ilẹ̀ náà kúrò nílé.

Ti fóònù tiẹ̀, áàpù BetBlocker wà, ọ̀fẹ́ ni, ó ń dí ojú òpó tẹ́tẹ́. Kí ó sì ti ara ẹ̀ jáde (kó ní kí wọ́n má jẹ́ kóun ta mọ́) ní ilé tẹ́tẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ní àkáǹtì sí, torí bó bá ti ara ẹ̀ jáde ní ọ̀kan, ìyẹn ò kan èkejì. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ wà ní gbogbo òpópónà, owó ọwọ́ ni wọ́n ń gbà, wọn ò béèrè BVN. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ owó ju fóònù lọ.

Délé_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Fún àwọn ará ilé tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: GAMSTOP, ètò téèyàn fi ń ti ara ẹ̀ jáde ní ilé tẹ́tẹ́, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún, gbogbo ilé tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ìwé àṣẹ ní Great Britain á ti ilẹ̀kùn. Kò kan ṣọ́ọ̀bù ojú títì, ìyẹn ní ètò tiẹ̀, kò sì kan èyí tí kò ní ìwé àṣẹ níbí, pàápàá ti Nàìjíríà tí wọ́n ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn ta. Ẹ lọ sínú áàpù báńkì, ẹ tan ìdènà tẹ́tẹ́. Ní àwọn báńkì kan, bẹ́ ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ máa dúró fún wákàtí 48. Káàdì gbèsè (credit card) ò lè ra tẹ́tẹ́ mọ́ níbí láti oṣù kẹrin 2020. GamCare, àjọ tó ń ran àwọn tí tẹ́tẹ́ ń dà láàmú lọ́wọ́, ń gbé fóònù tọ̀sán tòru, 0808 8020 133, ìyàwó àti ìyá náà lè pè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ẹ fi tààrà sí onílé, ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn. "Ẹ̀gbọ́n, ara ìyá ò yá" lọ́jọ́ Sátidé tí bọ́ọ̀lù ń lọ, ẹ pe ìyá fúnra yín.

Ìyálọ́jà_Mọ́kọ́lá

Délé, ìwọ ò dáa! 😂 Ó dáa, mo gbà pẹ̀lú yín. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tá ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àmọ́ kí àlùfáà máa gbàdúrà fún un o.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Àdúrà ò burú, Ìyá wa. Kí àlùfáà má kàn ní kó fi "irúgbìn" ńlá sílẹ̀ kí owó tó lọ lè padà, torí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ á gbọ́ ọ bí ọ́ọ̀dì míì.

Ọmọ_Ṣáṣá

Ìbéèrè kan. Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin, tí kò ta tẹ́tẹ́ rí láyé ẹ̀, ó kàn bẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀ lójijì, ó ti ná owó ìfẹ̀yìntì tán. Àwọn ọmọ ní ayé ló ń ṣe é. Kí lẹ rí sí i?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ṣé ọwọ́ bàbá náà ń gbọ̀n? Ẹ wo oògùn tí wọ́n ń lò. Àwọn oògùn àìsàn Parkinson kan, pramipexole àti ropinirole, lè mú kí ìfẹ́ tẹ́tẹ́, ìnáwó tàbí ìbálòpọ̀ gba èèyàn lọ́kàn láìròtẹ́lẹ̀. Wọ́n ń fi wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn lóru náà. Ó wà nínú bébà tó wà nínú páálí oògùn. Ẹ má ní kí bàbá dá a dúró fúnra wọn, ara wọn lè le gbagidi, ó sì lè dá wàhálà tó burú jùyẹn sílẹ̀. Ẹ kó páálí oògùn àti ìwé àkáǹtì tọ dókítà tó kọ ọ́ fún wọn lọ, ẹ sọ oṣù tí oògùn bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tí lọ́tọ̀ bẹ̀rẹ̀. Dókítà lè dín in kù díẹ̀díẹ̀ tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀.